Láti Orí Ọlọ Dé Ẹ̀rọ: Ìtàn Ẹran Lílọ̀ Nílé Wa

Ọ̀rọ̀ ẹran lílọ̀ la mú wá lónìí.

Ọlọ àti odó la bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ata, ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà ń kúnná lórí ọlọ, ṣùgbọ́n ẹran tútù kì í gbọ́ tirẹ̀: iṣan rẹ̀ á kàn máa yọ̀ ni, kò ní já. Nítorí náà, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, tàbí kí wọ́n sè é kí ó rọ̀, kí wọ́n sì gún un fún àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ ti ká. Àwọn Hausa náà ní dambun nama: wọ́n á se ẹran, wọ́n á gún un nínú odó títí yóò fi tú bí òwú, wọ́n á sì dín in kí ó gbẹ. Nínú gbogbo èyí, ojú ẹni tó ni ẹran kò kúrò lára ẹran rẹ̀.

Karl Drais, ará Jámánì tó ṣe baba kẹ̀kẹ́ ní 1817, ni wọ́n máa ń sọ pé ó ṣe ẹ̀rọ ìlọran àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 ń parí lọ, ilé iṣẹ́ Enterprise ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ń rọ ọ́ tà. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí ó ṣe tóbi tó ṣì wà lára èyí tí à ń rà lónìí.

Ní tiwa, ojú irin Cotonou gba Tchaourou kọjá, ó sì dé Parakou ní àwọn ọdún 1930. Ó mú ọjà etí òkun súnmọ́ wa. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìlọta oní-ẹ́ńjìnì dé inú ọjà. Ó gba ìyà ọlọ kúrò lọ́rùn àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n ó gba ojú wọn pẹ̀lú: ohun tí ẹlòmíràn lọ̀ ṣáájú rẹ á bá tìrẹ jáde.

Ó ṣeé fara dà fún ata. Fún ẹran, ewu ni. Ara ìta ẹran ni kòkòrò àrùn máa ń wà jù. Tí a bá ti lọ̀ ọ́, ó ti dé inú rẹ̀ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà ní 1993, ẹran lílọ̀ tí kò jinná ní àwọn ẹ̀ka ilé oúnjẹ kan kó àìsàn bá ènìyàn tó lé ní 700, ọmọdé 4 sì kú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí àárín rẹ̀ gbóná dé 71°C. Ọbẹ̀ tó bá hó dáadáa kọjá ìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tiyín, alọ́wọ́ tí wọ́n ń dè mọ́ etí tábìlì tó fún ilé. Kò sì nílò iná mọ̀nàmọ́ná. Nọ́ńbà 8 tàbí 10 dára. Irin tí kì í dípẹtà ló dára jù; tó bá jẹ́ irin lásán, ẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á. Ẹ wo ọ̀bẹ inú rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ mú, kí ó sì lẹ̀ mọ́ àwo oníhò rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ńṣe ni yóò máa tẹ ẹran pa dípò kí ó gé e. Tó bá jẹ́ oníná lẹ fẹ́, ẹ má jẹ́ kí iye wáàtì ńlá ara páálí tàn yín. Ẹ bèèrè èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ẹ yọ egungun àti iṣan kúrò, ẹ gé ẹran tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó lọ̀ ọ́, kí ọ̀rá rẹ̀ má baà yọ́. Ìwọ̀n tí ẹ máa sè lójọ́ náà ni kí ẹ lọ̀.

Ẹ̀rọ yìí ti dá ojú wa padà sára ẹran wa, bí ó ti rí láyé ọlọ. Ní agbègbè tiyín ńkọ́, kí ni àwọn ìyá àgbà fi ń lọ ẹran? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa o.