Fítámì D àti Eegun Ọmọ: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Òbí Mọ̀

Fítámì D jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara ènìyàn kò lè ṣe aláìní. Olórí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ìfun lè gba èròjà kálísíọ́mù inú oúnjẹ, kí eegun àti eyín lè le.

Ibi tí a ti ń rí i
Bí oòrùn bá ta sí ara, awọ ara ni ó ń ṣe fítámì yìí; ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín a sì sọ ọ́ di èyí tí ara lè lò. Oòrùn tó gba gíláàsì fèrèsé wọlé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹja ọlọ́ràá bíi títọ́ọ̀sì àti sadíìnì, pupa ẹyin àti ẹ̀dọ̀ màlúù náà ní in.

Bí kò bá tó
Ọmọ lè pẹ́ kí ó tó rìn. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lè wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè tẹ̀ bí ọrun. Kì í ṣe pípọ̀n ni ó fa àrùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọmọ tètè rìn.

Oòrùn kò wọ́n ní ilẹ̀ wa, síbẹ̀ àrùn náà ń ṣe àwọn ọmọ wa. Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ṣe ní ìlú Jos, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, fi hàn pé kálísíọ́mù, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú fítámì D, wo àwọn ọmọ náà sàn ju fítámì D nìkan lọ. Ẹ̀kọ lásán kò lè fún ọmọ ní kálísíọ́mù tó.

Ìmọ̀ràn wa
A rọ àwọn òbí pé kí wọ́n máa lọ ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun sínú oúnjẹ ọmọ tó ti ń jẹun, kí wọ́n sì máa fún un ní wàrà. Ọmú ìyá kò láfiwé, ṣùgbọ́n fítámì D inú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn máa kan ọmọ níwọ̀nba. Ẹ má ṣe dá oògùn fítámì D lò láìjẹ́ pé oníṣègùn kọ ọ́ fún yín, nítorí àlòjù rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́.

Bí ẹ bá rí i pé ẹsẹ̀ ọmọ ń tẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: eegun ọmọdé ṣì lè tọ́ bí ìtọ́jú bá yá.