Àwọn Obìnrin Sinimá Aláìfọhùn, àti Àwọn Tiwa

Ẹ̀yin òbí wa, bí a bá gba Powis Street ní Woolwich lọ títí dé ìsàlẹ̀, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò sọdá odò Thames, a ó rí ilé ràgàjì méjì tí ó súnmọ́ ara wọn. Ilé ìsìn ni méjèèjì lónìí. Christ Faith Tabernacle wà nínú ọ̀kan, New Wine Church wà nínú èkejì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jọ́sìn níbẹ̀ sì jẹ́ ènìyàn wa. Ṣùgbọ́n ilé sinimá ni àwọn tí ó kọ́ wọn ní 1937 kọ́ wọn fún. Granada ni ti àkọ́kọ́, Odeon sì ni ti èkejì. Èrò tí ó ju 2,000 lọ lè jókòó nínú Granada lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 1966 ni àwọn onítẹ́tẹ́ bingo gba ibẹ̀, ó sì pẹ́ kí orin ìyìn tó rọ́pò igbe wọn.

Fíìmù ti ń fọhùn kí a tó kọ́ ilé méjèèjì yìí. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ṣáájú wọn ní nǹkan bí 20 ọdún. Ìtàn àwọn obìnrin tí ó di gbajúmọ̀ nígbà tí sinimá kò tíì ní ohùn ni. Ó lè dà bí ẹni pé ìtàn náà jìnnà sí ilé Yorùbá, ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ ọ délẹ̀, a ó rí i pé ó kan kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí a kó sínú àpótí lábẹ́ ibùsùn wa.

Eré tí kì í parí lọ́jọ́ kan

Títí di nǹkan bí 1927, àwòrán nìkan ni èrò ń wò ní ilé sinimá. Wọn kì í gbọ́ ohùn òṣèré. Ọ̀rọ̀ tí òṣèré bá sọ ni a ń kọ sójú aṣọ funfun kí èrò lè kà á, ẹnì kan a sì máa tẹ dùùrù kí ibẹ̀ má baà dákẹ́ rọ́rọ́. Ní Amẹ́ríkà ní 1912, ilé iṣẹ́ Edison àti ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan, The Ladies' World, pawọ́ pọ̀. Wọ́n gbé ìtàn ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Mary jáde ní apá 12, apá kan lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá kà á nínú ìwé yóò fẹ́ wò ó. Ẹni tí ó bá wò ó yóò fẹ́ kà á. Mary Fuller ni òṣèrébìnrin tí ó dúró fún ọmọ náà.

Ní òpin 1913, Kathlyn Williams tẹ̀ lé e pẹ̀lú eré alápá 13, tí ìwé ìròyìn Chicago Tribune ń tẹ ìtàn rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn onísinimá ti kọ́ ọgbọ́n tí àwọn apàlọ́ wa ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́, pé a kì í dá ìtàn dúró níbi tí ọkàn olùgbọ́ ti balẹ̀. Nígbà tí ẹranko ẹhànnà bá ti la ẹnu sí ọmọbìnrin náà tán, ibẹ̀ gan-an ni eré yóò ti dúró, ó di ìgbà mìíràn.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni The Perils of Pauline, tí ilé iṣẹ́ Pathé gbé jáde ní 1914 ní apá 20. Pearl White ni olórí òṣèré. Ọmọbìnrin kan jogún owó ńlá. Ó ní òun kò tíì fẹ́ lọ sílé ọkọ, òun fẹ́ kọ́kọ́ rí ayé. Ọkùnrin tí a fi ogún náà ṣọ́ sì ń wá bí yóò ṣe pa á, kí owó lè di tirẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ni The Hazards of Helen bẹ̀rẹ̀, eré àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin. Kò dáwọ́ dúró títí di 1917, apá rẹ̀ sì jẹ́ 119. Helen Holmes ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; Helen Gibson ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin ní ìlú Arsenal

Kí ló dé tí obìnrin fi bọ́ sí iwájú nínú eré wọ̀nyí? Ayé ń yí ni. Ẹ wo Woolwich fúnra rẹ̀. Nígbà ogun 1914 sí 1918, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Royal Arsenal fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80,000, àwọn obìnrin inú wọn sì ju 20,000 lọ. Ohun ìjà ni wọ́n ń ṣe. Ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awọ ara àwọn obìnrin tí ń fọwọ́ kan ẹ̀tù TNT a máa pọ́n bí ìyeyè, ìbúgbàmù sì lè ṣẹlẹ̀ nígbàkigbà. Lórí apá kan ilẹ̀ Arsenal yẹn ni a wá kọ́ Thamesmead sí. 1968 ni àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé lórí ilẹ̀ náà láìmọ̀.

Ní 1918 kan náà ni òfin ilẹ̀ yìí kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin tí ó ti pé 30 ọdún, tí wọ́n sì ní ohun ìní tí òfin bèèrè, láyè láti dìbò yan aṣòfin. Nítorí náà, obìnrin tí ń fò láti orí ilé sórí ọkọ̀ ojú irin kò lè jẹ́ àlá lásán lójú obìnrin tí ó ti fi odindi ọjọ́ jókòó ti ẹ̀tù.

Ohun tí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ wọn

Helen Gibson fò bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́ ní 1915, láti orí òrùlé ibùdókọ̀ sórí ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré. Pearl White farapa ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ìrora náà kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Àwọn tí ń polówó rẹ̀ ní òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe gbogbo ohun eléwu inú eré rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1922, nígbà tí a ń ṣe eré Plunder ní New York, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Stevenson múra bí obìnrin, ó dé irun àtọwọ́dá, ó sì dúró fún un. Ó fò láti orí bọ́ọ̀sì láti di irin afárá mú, ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, ó sì kú. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ pé ẹlòmíràn ń bá a gbé nínú ẹrù ewu yẹn.

Pearl White kú ní ilẹ̀ Faransé ní 1938, ní ẹni 49 ọdún. Mary Fuller, tí ó la ọ̀nà náà, lo ọdún tí ó lé ní 20 ní ilé ìwòsàn àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Ó kú ní 1973, sàréè rẹ̀ kò sì ní àmì.

Iṣẹ́ wọn pàápàá kò ṣẹ́kù tó bí ó ti yẹ. Ohun tí a fi ṣe fíìmù ìgbà náà tètè ń gbiná, ó sì tètè ń bàjẹ́. Àwọn tí ó ṣe é gan-an kà á sí ohun tí a ń wò tí a sì ń jù nù. Ní 2013, Library of Congress ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Nínú fíìmù aláìfọhùn gígùn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000 tí Amẹ́ríkà ṣe láti 1912 sí 1929, 14 péré nínú 100 ni ó ṣẹ́kù ní odindi bí a ti ṣe wọ́n. Pauline náà kò yè é. Apá 20 ti àkọ́kọ́ ti sọnù. Èyí tí a ń wò lónìí jẹ́ apá 9, tí a gé kúrú fún àwọn ará Yúróòpù. A ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé, a sì tún tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, tí àṣìṣe fi kún inú rẹ̀ tí ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ní 2008, Amẹ́ríkà fi eré náà sára àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè náà yóò máa tọ́jú.

Àwọn tiwa ńkọ́?

Sinimá kò pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù Kẹjọ 1903 ni a kọ́kọ́ fi í han èrò ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Ní 1913, Meg Gehrts, òṣèrébìnrin ará Jámánì, bá Hans Schomburgk lọ sí Togo láti ṣe fíìmù aláìfọhùn, ó sì rin ìlú náà láti etí òkun títí dé àríwá. Ní 1915 ó tẹ ìwé jáde nípa ìrìn àjò náà. Nítorí ìwé yẹn ni orúkọ rẹ̀ kò fi parẹ́, nígbà tí orúkọ ọ̀pọ̀ àwọn ará Togo tí ó ru ẹrù wọn ti wọlẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, orí ìtàgé ni àwọn obìnrin wa ti kọ́kọ́ ja irú ogun yìí. Nígbà tí Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, alágbe ni ọ̀pọ̀ òbí ka òṣèré sí, wọn kì í sì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn sún mọ́ ọn. Ogunde wá ń fi àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣe aya, kí ẹgbẹ́ má baà tú. Ọ̀kan nínú wọn, Adéṣẹ̀wà Clementina, bá a wá sí Lọ́ńdọ̀nù níbí ní 1947 láti wá ìmọ̀ kún ìmọ̀ eré. Ní 1970, ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní ojú ọ̀nà, nígbà tí ẹgbẹ́ ń lọ ṣeré.

Eré tí kì í parí lọ́jọ́ kan náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn eré Jimoh Aliu bí Àrélù a máa mú kí àdúgbò pa lọ́lọ́ nígbà tí àkókò wọn bá tó lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Folake Aremu, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Òrìṣàbùnmi, wà nínú àwọn obìnrin tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn eré rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, tí gbogbo wa sì mọ ohun tí "Apá Kejì" túmọ̀ sí. Jimoh Aliu fi ayé sílẹ̀ ní 2020. Òrìṣàbùnmi tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní 2021.

Ọ̀pọ̀ nínú eré wọ̀nyí ni a kò lè rí rà mọ́. Síbẹ̀, a kó wọn wá sí òkè òkun nínú ẹrù wa, a wò wọ́n títí, a sì tì wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n àkísà tí a kò tọ́jú, ikán ni yóò jẹ ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà ń gbó lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí á wá ẹni tí yóò ṣe àdàkọ wọn sórí kọ̀ǹpútà, kí á sì kọ orúkọ eré, ọdún rẹ̀, àti orúkọ àwọn òṣèré tí a bá dá mọ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á jókòó ti àwọn ọmọ wa bí wọ́n ti ń wò ó, kí á túmọ̀ òwe inú rẹ̀ fún wọn. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún àlejò láti túmọ̀, ohun tí ó ṣe Pauline yóò ṣe tiwa.

Ohun tí ó sọnù lè di rírí, bí ẹnì kan bá ti fi í pamọ́ síbì kan. Fíìmù Hausa tí ń jẹ́ Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé ó ti parẹ́, àfi ìgbà tí a rí i ní Jos ní 2016, tí a sì tún un ṣe ní Jámánì. Ìyẹn wà ní ọwọ́ ìjọba. Tiwa wà ní Woolwich àti Thamesmead, ní ọwọ́ bàbá àti ìyá. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Amẹ́ríkà ti jìn sí i ná. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.