Ibo ni Àlẹ̀mọ́ Fáìlì Ń Gbé? Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wá Ohun Tí A Kó Pamọ́

Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, akéwì kan tó tún jẹ́ ọ̀mọ̀wé, Callimachus, kọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé Gíríìkì àti irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sínú àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní Pinakes. Ohun tí àwọn ará àtijọ́ sọ ni pé àkójọ náà gba 120 àkájọ ìwé. Ó ti sọnù báyìí. Ìwọ̀nba tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn yọ lò nínú rẹ̀ nìkan ló kù.

Ìbéèrè tó wà nínú iṣẹ́ Callimachus ṣì wà nílẹ̀ títí dòní: níbo ló yẹ kí àmì tí a fi ń dá nǹkan mọ̀ máa gbé? Ṣé ara nǹkan náà ni, àbí inú ìwé mìíràn tó wà lọ́tọ̀? Ẹni tó ń lẹ táàgì, ìyẹn àlẹ̀mọ́, mọ́ fáìlì lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó sì ń retí pé ètò atọ́ka yóò fi táàgì náà wá a jáde, ìbéèrè yìí ló wà níwájú rẹ̀, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀.

Paul Otlet àti Henri La Fontaine gbìyànjú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní Brussels, ní 1895, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù méjèèjì yìí bẹ̀rẹ̀ àpótí káàdì tí wọ́n fẹ́ kó gba orúkọ gbogbo ìwé tí a ti tẹ̀ láyé. Wọ́n mú ètò nọ́ńbà tí Melvil Dewey gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1876, wọ́n sì fi àwọn àmì kún un tó jẹ́ kí káàdì kan ṣoṣo lè sọ kókó ọ̀rọ̀, ibi, àkókò àti èdè papọ̀. Káàdì náà lé ní mílíọ̀nù 12 ní àwọn ọdún 1930. Lójú tèmi, káàdì Otlet ni baba ńlá táàgì òde òní, nítorí kò fi dandan lé e pé kí nǹkan kan ní ojú kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n inú àpótí ní Brussels ni gbogbo ìmọ̀ náà wà. Nígbà tí Jámánì gba Bẹ́ljíọ̀mù ní 1940, wọ́n kó àkójọ náà kúrò nílé rẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ sì bàjẹ́. Àwọn ìwé tí káàdì náà ń tọ́ka sí wà níbi tí wọ́n wà. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ló pàdánù àyè rẹ̀.

Ní oṣù Keje 1945, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà kan, Vannevar Bush, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn The Atlantic pé títo nǹkan ní ètò álífábẹ́ẹ̀tì tàbí nọ́ńbà kò bá bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ mu, pé ńṣe ni èrò máa ń ti ibì kan fò sí èyí tó bá a tan. Ẹ̀rọ Memex tó ṣàpèjúwe, tí yóò máa tẹ̀lé irú ìfò bẹ́ẹ̀, kò di ṣíṣe.

Ọ̀nà mìíràn ni kọ̀ǹpútà gbà. Ní 1965, R. C. Daley àti P. G. Neumann ṣàlàyé ètò fáìlì Multics, níbi tí fódà ti ń wà nínú fódà. Ken Thompson àti Dennis Ritchie mú ètò yìí wọ inú Unix ní Bell Labs, ó sì ti ibẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà gbogbo wa. Fódà rọrùn láti lóye, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé kí o yan ojú kan. Fọ́tò ìgbéyàwó tí a ṣe ní Ìbàdàn ní 2019, ṣé fódà ìgbéyàwó ni kó wọ̀ ni, tàbí ti Ìbàdàn, tàbí ti ọdún náà?

Láàárín àkókò kan náà, àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé ti ń la ọ̀nà tiwọn. Karen Spärck Jones ní Cambridge fi hàn ní 1972 pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé díẹ̀ ló yẹ kó wúwo jù nígbà tí a bá ń wá nǹkan, torí ọ̀rọ̀ tó wà níbi gbogbo kì í tọ́ni sọ́nà. Orí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ètò atọ́ka dúró lé. Atọ́ka máa ń ka fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣáájú, á kọ ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì to orúkọ àwọn fáìlì tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí o bá béèrè, kò tún ṣí fáìlì kankan. Àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ló ń wò, ìdí nìyẹn tó fi ń yára. Ibi tó kù sí ni pé ohun tí a kọ nìkan ló lè mọ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó yẹn kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Àfi kí ènìyàn sọ ohun tó jẹ́ fún un.

Ẹni tó fi àmì sára fáìlì orin ní ọ̀nà tí gbogbo ayé gbà ni Eric Kemp. Ní 1996 ó fi báìtì 128 kún ìdí fáìlì orin MP3: àkọlé, olórin, àwo, ọdún, àlàyé díẹ̀ àti irú orin. ID3 ni wọ́n ń pè é. Bí ilà ojú ṣe ń bá ọmọ rìn dé ilẹ̀ àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni ID3 ń bá orin rìn láti kọ̀ǹpútà dé fóònù. Adobe ṣe irú rẹ̀ fún àwòrán àti ìwé ní 2001, wọ́n pè é ní XMP.

Ọ̀nà kẹta ni ti BeOS, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà tí mo ka sí ọlọ́gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Dominic Giampaolo àti Cyril Meurillon kọ ètò fáìlì kan tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so àmì tó wù ú mọ́ fáìlì, tí ètò fáìlì fúnra rẹ̀ sì ń tọ́jú atọ́ka rẹ̀. Bí o bá fi ìbéèrè kan sílẹ̀, fáìlì tuntun tó bá a mu á yọjú síbẹ̀ láìjẹ́ pé o tún béèrè. Ọjà BeOS kò tà. Ṣùgbọ́n Giampaolo lọ sí Apple ní 2002, Spotlight, ètò wíwá nǹkan ti Apple, sì jáde pẹ̀lú Mac OS X 10.4 ní oṣù Kẹrin 2005. Google ti gbé ètò wíwá inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde ní oṣù Kẹwàá 2004, ó sì pa á tì ní 2011. Microsoft kéde irú ètò fáìlì bẹ́ẹ̀, WinFS, ní 2003, wọ́n fagi lé e ní 2006.

Níbi tí ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù ni Linux. Láti 2006 dé 2008, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náwó sórí iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ NEPOMUK, KDE 4, ojú-iṣẹ́ kan fún Linux, sì gbà á wọlé. Èrò rẹ̀ ga: kọ̀ǹpútà yóò mọ̀ pé ènìyàn yìí ló fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, pé iṣẹ́ báyìí ni fọ́tò yẹn wà fún. Inú dátàbéèsì ńlá kan ni gbogbo rẹ̀ ń gbé, dátàbéèsì náà sì ń jẹ mẹ́mórì débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn pa á. Ní 2014, Vishesh Handa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Baloo rọ́pò rẹ̀. Baloo kéré, kò sì gbìyànjú láti mọ ohun gbogbo. Ìyípadà tó ṣe pàtàkì jù ni pé táàgì kúrò nínú dátàbéèsì, ó lọ sára fáìlì, nínú àyè tí ètò fáìlì fi sílẹ̀ fún irú àfikún bẹ́ẹ̀, lábẹ́ orúkọ user.xdg.tags. Bí atọ́ka Baloo bá bàjẹ́ lónìí, pa á rẹ́, jẹ́ kó tún un kọ. Táàgì rẹ ṣì wà. Apple ti fi táàgì tirẹ̀ sí irú àyè yẹn ní 2013 nínú OS X Mavericks. Ìpinnu tó tọ́ nìyẹn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ ètò irú èyí tẹ̀lé e.

Àyè yẹn ní ààlà tirẹ̀. Fi fáìlì náà sórí fláàṣì tó ń lo FAT, kó ti orí Linux lọ síbẹ̀, táàgì á ṣubú dànù. Fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì, bákan náà ni. Windows ń fi táàgì sínú JPEG fúnra rẹ̀, nítorí náà ó ń bá a rìn, ṣùgbọ́n fáìlì ọ̀rọ̀ lásán kò ní ibi tí a lè fi í sí.

Fún àwa tó ń fi Yorùbá kọ táàgì, wàhálà kan tún wà. Unicode fún lẹ́tà ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà ẹyọ kan fún lẹ́tà ọ tó ní ohùn lórí. Kíbọọ̀dù kan lè kọ lẹ́tà ọ kó tó fi ohùn sí i; òmíràn lè kọ́kọ́ fi ohùn sí lẹ́tà o kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n, táàgì kan á sì di méjì, àfi bí ètò náà bá tẹ̀lé òfin Unicode tó sọ wọ́n di ọ̀kan. Ní ìdà kejì, Recoll, ètò atọ́ka tí Jean-François Dockes kọ, máa ń yọ gbogbo àmì kúrò bí o kò bá sọ fún un kó má ṣe bẹ́ẹ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ á di oko papọ̀. Ìlà kan nínú fáìlì ètò rẹ̀ ló ń yí i padà, indexStripChars = 0. Atọ́ka á tóbi sí i, o sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ọkọ̀, tó sì sọ fún Recoll kó ka àmì sí nínú ìbéèrè rẹ̀, á rí ọkọ̀.