Yíya Oògùn Kúrò Lára Igbó: Ìwádìí Ló Yẹ Kó Ṣáájú Oko

Lórí àtẹ ẹlẹ́wé-ọmọ ní ọjà Odò-Orí, Ìwó, bí ó ṣe rí ní àwọn ọjà yòókù nílẹ̀ Yorùbá, kò sí ewé, egbò tàbí èèpo igi tí kò ní orúkọ àti iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó wá ra ti ibà kì í gba ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ewé kan wà tí kì í jókòó lórí àtẹ yẹn, tí orúkọ rẹ̀ kò sì dá dúró. Igbó là ń pè é, orúkọ kan náà tí à ń pe ibi tí onírúurú igi ń gbé. Orúkọ náà bá a mu ju bí a ti rò lọ, nítorí ohun tó lé ní 100 tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cannabinoid ló wà nínú rẹ̀. THC ló ń pa ènìyàn bí ọtí. CBD kì í pa ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí gbà pé oògùn wà nínú igbó. Kò gbà pé igbó fúnra rẹ̀ ni oògùn.

Ọdún 1964 ni ọ̀nà méjì là. Ní Ísírẹ́lì, Raphael Mechoulam àti Yehiel Gaoni ya THC sọ́tọ̀ kúrò lára ewé náà. Lọ́dún yẹn kan náà, Tolani Asuni, oníṣègùn ọpọlọ ní Aró, Abẹ́òkúta, kọ àpilẹ̀kọ lórí ìdààmú tí igbó ń kó bá ọpọlọ àti àwùjọ ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tú ewé wò. Ìkejì wo ẹni tó fa gbogbo rẹ̀ símú. Ojú ìkejì nìkan ni òfin Nàìjíríà fi wo igbó. Òfin ìjọba ológun ní 1966 fi ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ó kéré tán, lélẹ̀ fún ẹni tó bá gbìn ín. Ìjìyà ikú kúrò ní 1975, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, dé ní 1989, igbó sì ṣì ń jẹ́ igbó, láìya THC sọ́tọ̀ kúrò lára CBD.

Ibi tí ẹ̀rí ti lágbára jù ni wárápá ọmọdé. Ní 2017, Orrin Devinsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí 120 ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó ní àìsàn Dravet, wárápá líle tí oògùn kì í sábà ràn. Wọ́n fún àwọn kan ní CBD tí a ti yọ́ mọ́, mìlígíráàmù 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Wọ́n fún àwọn yòókù ní omi tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú. Ní ìwọ̀n àárín, gìrì tó ń gbé àwọn tó lo CBD lóṣù já láti bíi 12 sí bíi 6. Ti àwọn yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà, bíi 15 sí 14. Ní oṣù kẹfà 2018, àjọ FDA ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà, Epidiolex.

Ẹ̀rí yìí kò kan gbogbo àìsàn. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń jẹ ọ̀pọ̀ ilé níyà lọ́dọ̀ wa, ó sì wu ènìyàn kí igbó lè pa ìrora rẹ̀. Ní 2020, Donald Abrams àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní California tẹ èsì jáde lórí 23 àgbàlagbà tó ní àrùn náà: ooru igbó tí wọ́n fà símú kò dín ìrora kù tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ilẹ̀ Yorùbá ti rí ohun tí àìsí òṣùwọ̀n ń fà. Nínú àgbo gìrì àtijọ́, ewé tábà ni wọ́n ń rẹ sínú ìtọ̀ màlúù pẹ̀lú àlùbọ́sà, aáyù àti ẹ̀fìnrín. Àwọn dókítà Ìbàdàn ṣàkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n rọ ọ́ fún, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀, tí wọ́n dákú, tí mímí sì di ogun. Ìfẹ́ ìyá ló rọ àgbo yẹn. Ẹni tó ń rẹ igbó sínú ògógóró lónìí kò mọ iye THC tó wà nínú ife kan. CBD tí a yọ́ mọ́ pàápàá lè dààmú ẹ̀dọ̀, pàápàá bí aláìsàn bá ń lo valproate, oògùn wárápá mìíràn, pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn tó ta ko lílo igbó fún ìwòsàn ní ẹ̀rù gidi lọ́wọ́. Ìwádìí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìparapọ̀ Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró, ti 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló lo igbó láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà. Nígbà tí Àjọ Ìparapọ̀ Àgbáyé dìbò ní oṣù kejìlá 2020 láti yọ igbó kúrò nínú ìpele tí òfin ti le jù, 27 gbà, 25 kọ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kọ̀. Ṣùgbọ́n ara ewéko kan, tí kì í ṣe igbó, ni mọ́fíìnì àti heroin jọ ti ń wá. Ilé ìwòsàn wa ń fi mọ́fíìnì pa ìrora jẹjẹrẹ lábẹ́ àkọsílẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́, ẹni tó ń ta heroin sì ń lọ ẹ̀wọ̀n. Kí ló dé tí a kò fi lè ṣe CBD bẹ́ẹ̀?

Àwọn alátìlẹ́yìn náà ti fi ẹ̀yìn ṣíwájú. Ní oṣù karùn-ún 2019, Rotimi Akeredolu, Gómìnà Oǹdó nígbà náà, bá ọ̀gá àgbà NDLEA lọ sí Tàílàǹdì láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn. Owó ló tẹnu mọ́ jù: ọjà igbó àgbáyé tí wọ́n ní yóò tó bílíọ̀nù 145 dọ́là ní 2025. Oko tó bá ṣáájú ilé ìwádìí yóò kó ewé wá, kò ní kó oògùn wá.

Ọ̀nà tó dára kò ṣàjèjì sí wa. Reverend Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá, fi àgbo fòníkú-fọ̀ladìde rẹ̀ lé ilé ìwádìí NIPRD ní Àbújá lọ́wọ́: ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ọkà bàbà. Wọ́n tú u wò, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò lára ènìyàn, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn, sì gbà á wọlé ní 2006. Gbèsè da ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é rú lẹ́yìn náà, àmọ́ ìlànà yẹn ṣì ṣeé tọ̀.

Yunifásítì Bowen wà ní Ìwó, ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́; ẹ̀ka ìmọ̀ oògùn Yunifásítì OAU wà ní Ifẹ̀ tí kò jìnnà. Irú ibẹ̀ ló yẹ kí ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ lọ: láti gbin díẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́ NDLEA, láti yọ CBD, láti ka iye tó wà nínú rẹ̀. Nígbà náà, bí dókítà bá kọ mìlígíráàmù 300 lóòjọ́ fún ọmọ oníkílò 15 tí wárápá ń gbé, ìyá rẹ̀ yóò mọ̀ pé 300 náà ló wà nínú ohun tí òun ń bù jáde nínú ìgò.