Owó Kíláàsì àti Iṣẹ́ Ìríjú Nínú Ìjọ Ilẹ̀ Wa

Ìríjú ni Bíbélì wa ń pe ẹni tí a fi ohun ìní olúwa rẹ̀ sí ìkáwọ́. Ohun náà kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò jíhìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ fi wo ìtàn ìjọ wa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé owó àwọn òyìnbó nìkan ni ó gbé e ró, àti pé ìdáwó jẹ́ ẹrù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lé wa lórí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ li ó rí.

Kí ìhìnrere tó dé, àwọn baba wa ti mọ bí a ti í ru ẹrù pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé a bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ a máa ṣe àáró, wọn a ro oko ẹnì kan lónìí, wọn a ro ti ẹnì kejì lọ́la. Àwọn oníṣòwò a sì máa dá èsúsú. Nígbà tí wọ́n di ọmọ ìjọ, wọ́n mú ìwà yìí wá pẹ̀lú wọn.

Àlùfáà Henry Venn, tí ó jẹ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1841 títí di ọdún 1872, tẹnu mọ́ ọn pé kí ìjọ máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Ní Sàró, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ti gbọ́ ìhìnrere, a fi ìmọ̀ràn yìí ṣiṣẹ́ li ọdún 1861: a fi àwọn ìjọ kan lé àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ ìjọ sì máa bọ́ wọn. Owó kíláàsì ni a gbójú lé. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n kò sí tálákà tí kò lè ní ìpín nínú rẹ̀. Olórí kíláàsì a sì máa béèrè aláìsàn àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yẹ̀, láìgba owó ọ̀yà.

A rí èrè irú ìwà bẹ́ẹ̀ li Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀: a kó ilé ìsìn àti ilé àwọn òyìnbó, a sì lé wọn kúrò nílùú. Bí ó bá ṣe pé òyìnbó nìkan li ó ni ìjọ, ọjọ́ náà ni ìbá parí. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ọmọ ilẹ̀ wa àti àwọn ọmọ ìjọ tí ó kù dì í mú, kò sì parun.

Síbẹ̀ ìtàn yìí ní ẹ̀kọ́ kíkorò. Àlùfáà James Johnson, ẹni tí a bí ní Sàró, dé Èkó li ọdún 1874, a sì fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìjọ ní ìlú òkè li ọdún 1876, tí ó fi ń gbé Abẹ́òkúta. Ó fẹ́ kí ìjọ dá dúró kíákíá. Ó fi kún owó kíláàsì, ó sì gbógun ti níní ẹrú. Àwọn ènìyàn kùn, a sì mú un kúrò níbẹ̀ li ọdún 1880. Ète rẹ̀ dára lójú wa. Ṣùgbọ́n owó tí àṣẹ bá gbé sókè, ó ṣòro kí ọkàn tó bá a lọ.

Ó padà sí ìjọ St. Paul's, Breadfruit, li Èkó, níbi tí a ti fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Li ọdún 1900 a fi í ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Olùrànlọ́wọ́. Li ọdún 1901 Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell mú un kúrò nínú ìjọ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bínú jáde, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Johnson tìkára rẹ̀ kò bá wọn lọ. Ọwọ́ wọn ni ó ti ń bọ́ ìjọ náà. A kò fi ohùn wọn pè nígbà tí a ń pinnu ẹni tí yóò ṣe olùṣọ́ wọn.

Àwa kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìríjú ni ẹni tí ń gbà, ìríjú sì ni ẹni tí ń fi fúnni. Ẹni tí ń gba owó ìjọ tí kò sì jíhìn rẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di olówó. Ẹni tí ó dáwó tí ó sì fẹ́ kí ìjọ máa wo ojú òun nìkan ti ṣe bákan náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó dáwó ńlá, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé opó tí ń gbá ilé ìsìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Li ọjọ́ ìjíhìn, ìwé kan náà ni a ó ṣí fún gbogbo wa.