Ẹni Tó Ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù: Láti IICC Ìbàdàn dé Remo Stars Ìkẹ́nnẹ́

Nígbà tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní ọdún 2025, ohun tó gba ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé àrà tuntun ti dé. Ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀ kankan, tí oníṣòwò kan ń fi owó ara rẹ̀ bọ́, borí gbogbo àwọn tí gómìnà ń bọ́. Ayọ̀ náà tọ́ sí wọn. Láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gba líìgì ní ọdún 2000, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko ni ife náà kò fi dé ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé àrà tuntun ni, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn yóò rí i pé láti ọdún 1985 dé 1994, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń darí tààrà kò gba líìgì Nàìjíríà. Leventis United gbà á, báńkì kan ní Benin gbà á, Iwuanyanwu Nationale ti Òwerri gbà á ní ọdún mẹ́rin tẹ̀ léra, Julius Berger gbà á, Stationery Stores gbà á, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Benue náà gbà á. Òótọ́ ni pé ìjọba ní owó nínú báńkì yẹn àti nínú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn. Síbẹ̀, orúkọ òwò ló wà lára aṣọ, kì í ṣe orúkọ ìpínlẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa, nígbà náà, ni ibi tí gbogbo wọn wọlẹ̀ sí.

Ìtàn náà kò ṣeé sọ láì bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń fi owó kòkó dá àwọn àjọ ìdàgbàsókè sílẹ̀, bọ́ọ̀lù wọ inú wọn bí ẹni pé apá kan iṣẹ́ wọn ni. Àjọ WNDC ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó gba ife Challenge Cup ní ọdún 1971. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà bọ́ sábẹ́ IICC, àjọ ìjọba tó ń yá àwọn ilé-iṣẹ́ lówó tó sì ń dókòwò fún ìpínlẹ̀. Bí orúkọ náà ti ṣe di IICC Shooting Stars nìyẹn. Àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo ìwé ìṣirò àwọn oníṣòwò ló wá ń ra bàtà fún agbábọ́ọ̀lù. Lójú ẹni tó mọ òwò, ọ̀rọ̀ náà lè fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àsìkò yẹn kò rí i bẹ́ẹ̀. Pápá Liberty tí ìjọba Awólọ́wọ̀ kọ́, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1960, tí Dick Tiger àti Gene Fullmer ti ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ nínú rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1963, wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìjọba gbà pé eré ìdárayá jẹ́ ojúṣe òun bí ilé-ẹ̀kọ́ ti jẹ́.

Ọdún 1976 ni kókó. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún náà, ìjọba Murtala Mohammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òǹdó. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ-ogun tó dìtẹ̀ yìnbọn pa Murtala fúnra rẹ̀ ní Èkó. Nínú ọdún kan náà ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Odù'a sílẹ̀ kí ó lè máa bójú tó ohun tí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jogún. Ilé ti pín, ogún ń pín lọ́wọ́, àwọn akọ̀wé ń ka àga àti tábìlì. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ìpínlẹ̀ tó ti kú bí ni ó wá ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri Áfíríkà láàárín gbogbo èyí.

Ní ìparí ọdún náà, Shooting Stars pàdé Tonnerre ti Yaoundé ní àṣekágbá ìdíje àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre kì í ṣe ẹran ọdẹ kékeré: àwọn ló gba ife náà ní ọdún 1975 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, Roger Milla sì wà láàárín wọn, ẹni tí wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó peregedé jù lọ ní ọdún 1976 yẹn gan-an. Ìbàdàn na wọ́n ní 4–1 nílé. Ní Kamẹrúùnù, Tonnerre jẹ góòlù kan péré. Shooting Stars di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí yóò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí wà níbẹ̀, Muda Lawal wà níbẹ̀, Best Ogedegbe ló ń ṣọ́ ilé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Rangers ti Enugu ló já wọn sọ́nà kí wọ́n tó dé àṣekágbá, Rangers sì gba ife ọ̀hún. Ẹgbẹ́ ìjọba ni Rangers náà. Nígbà náà, bí ènìyàn bá sọ pé ìjọba kò mọ bọ́ọ̀lù ṣe, wọn ì bá fi ṣẹ̀sín ni.

Ṣùgbọ́n ẹran àjọsìn ni ebi ń pa kú. Bí ìpínlẹ̀ ṣe ń pín, tí gómìnà ń yí padà láti ọwọ́ ológun sí ọwọ́ olóṣèlú, tí olóṣèlú tún ń bọ́ sílẹ̀ fún ológun, ni ọwọ́ tó di okùn ẹgbẹ́ náà ń yí padà. Ìgbìmọ̀ tí gómìnà kan yàn, gómìnà mìíràn á tú u ká. Ní ọdún 1984, Shooting Stars dé àṣekágbá ìdíje àwọn akọni Áfíríkà, Zamalek ti Íjíbítì sì nà wọ́n nílé àti lóde: 2–0 ní Cairo, 1–0 ní Èkó. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn ni Ọdẹ́gbàmí fi dágbére fún bọ́ọ̀lù.

Nínú ọdún kan náà ni Ìbàdàn rí i pé òun ti ní ọmọ mìíràn. Ilé-iṣẹ́ Leventis, òwò ńlá tí ará Cyprus kan dá sílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní ẹgbẹ́ kan tó gun òkè láti ìpele ìsàlẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ní 1984 wọ́n gba ife orílẹ̀-èdè. Ní 1985 wọ́n dé àṣekágbá Áfíríkà, Al Ahly ló dá wọn dúró. Ní 1986 wọ́n kó líìgì àti ife papọ̀. Ní 1987, kò sí Leventis United mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà tú ẹgbẹ́ rẹ̀ ká, ó sì padà sí òwò rẹ̀. Ó ṣòro láti gbàgbé pé ọdún 1986 yẹn ni ètò SAP bẹ̀rẹ̀, tí iye náírà já wálẹ̀, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọjà wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí owó ń gbà jáde. Wọ́n ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Leventis kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Kò sí ẹni tó lè pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́ pé ó kọ̀ láti máa gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń pariwo orúkọ náà nínú pápá fún ọdún mẹ́rin, ta ni wọ́n fẹ́ lọ bá?

Èkó ti tọ́ irú rẹ̀ wò ṣáájú. Israel Adébájọ̀, oníṣòwò ohun èlò ọ́fíìsì, ló dá Stationery Stores sílẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn ènìyàn ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní ọmọ Adébájọ̀. Wọ́n gba Challenge Cup ní 1967 àti 1968, púpọ̀ nínú wọn sì bá Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì Mexico ní 1968, níbi tí Nàìjíríà àti Brazil ti gbá ọ̀mì 3–3. Ní 1969, Adébájọ̀ kú. Ẹgbẹ́ náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ kan. Ó dé àṣekágbá Áfíríkà ní 1981, ó gba ife ní 1982 àti 1990, ó gba líìgì ní 1992. Lẹ́yìn ìyẹn ló wó. Nínú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ tí olówó dá sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, òun ló pẹ́ jù lọ lẹ́yìn ikú olówó rẹ̀, kì í sì í ṣe owó ló gbé e dúró bí kò ṣe àwọn ará Èkó tí kò gbà pé nǹkan ti parí.

Olóyè Moshood Abíọ́lá kò tilẹ̀ fi orúkọ òwò bo tirẹ̀. Abíọ́lá Babes ni ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Láti 1984 dé 1987, Leventis àti Abíọ́lá Babes ló ń gba ife orílẹ̀-èdè mọ́ ara wọn lọ́wọ́: Leventis gbà á ní 1984 àti 1986, Abíọ́lá Babes gbà á ní 1985 àti 1987. Rashidi Yẹkini fi Shooting Stars sílẹ̀, ó lọ bá Abíọ́lá. Muda Lawal, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún léraléra, tó sì jẹ góòlù kẹta tí Nàìjíríà fi na Algeria ní 1980, kúrò ní Shooting Stars, ó kọjá ní Stationery Stores, ó parí sí ọ̀dọ̀ Abíọ́lá. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí agbára ṣe kúrò lọ́wọ́ ìjọba bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò ní àwọn ọdún 1980, kí ó kàn tẹ̀ lé ẹsẹ̀ Muda. Ó kú ní oṣù Keje 1991, kò tíì pé ogójì ọdún.

Nígbà tí àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà dá ìdíje tuntun kan sílẹ̀ ní 1992, Abíọ́lá ló fún wọn ní ife tí wọn yóò máa gbé. Àwọn wo ló kọ́kọ́ gbé e? Shooting Stars ti Ìbàdàn ni, ẹgbẹ́ ìjọba, lẹ́yìn tí wọ́n gbá ọ̀mì 0–0 pẹ̀lú Nakivubo Villa ní Uganda tí wọ́n sì nà wọ́n 3–0 nílé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Abíọ́lá díje fún ipò Ààrẹ. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, ìjọba Babangida fagi lé e, wọ́n mú Abíọ́lá ní 1994, ó sì kú sínú àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 1998. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ńlá tó wà ní Abuja láti 2019. Ẹgbẹ́ tó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ kò sí mọ́.

Ìjọba wá gba bọ́ọ̀lù padà, kì í ṣe nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe jù, bí kò ṣe pé òun nìkan ló kù nílẹ̀. Iwuanyanwu Nationale padà di ti Ìpínlẹ̀ Ímò, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ sí Heartland. Shooting Stars já sí ìpele ìsàlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó padà gòkè ní 2021. Ní Jámánì, òfin líìgì wọn sọ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ní 1990 pé líìgì ti di ti àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, kò sí gómìnà tó jókòó pẹ̀lú àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó sì fi ìpín kan lé wọn lọ́wọ́ lọ́nà tó nítumọ̀. Owó ará ìlú ni wọ́n ń ná lé e lórí, ará ìlú kò sì ní ohùn nínú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Soname tó dá Remo Stars sílẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Òun ló ni ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja, ó ti ra ìpín tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ Feirense ní Pọtogí ní 2015, ó sì kọ́ pápá sí Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Awólọ́wọ̀ tó kọ́ Liberty. Ó ṣeé sọ, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ lórí Arsenal àti Chelsea wà lára àwọn tó ń bọ́ ẹgbẹ́ Rẹ́mọ láìmọ̀. Ó ṣe dáadáa ju ọ̀pọ̀ gómìnà lọ. Adébájọ̀ náà ṣe dáadáa, Leventis ṣe dáadáa, Abíọ́lá ṣe dáadáa. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi sílẹ̀ ni ìwé tó sọ ẹni tí yóò ni ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ tí àwọn kò bá sí, tàbí ọjọ́ tó bá sú wọn. Ìsinsìnyí tí ife wà nílé, tí owó wà lọ́wọ́, ni ó rọrùn jù láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́.