Àjà Ilé: Ohun tí a Gbàgbé Nígbà tí Páànù Dé

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ mọ́: àjà. Àjà ni ohun tí ó wà láàárín òrùlé àti orí onílé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ooru tí kì í jẹ́ kí a rí oorun sùn nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun kì í ṣe ẹ̀bi oòrùn nìkan. Ìtàn ilé kíkọ́ láàárín wa fi hàn pé apá kan rẹ̀ wá láti inú ohun tí a yọ kúrò tí a kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Ilé àwọn baba wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní ìgbèríko Àjàṣẹ́, ní ẹ̀ṣọ́ tí ń dènà ooru. Èkíní ni òrùlé koríko tàbí ti imọ̀ ọ̀pẹ. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín àwọn koríko náà kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá, etí òrùlé tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ a máa ṣíji bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ògiri. Èkejì ni ògiri amọ̀, tí wọ́n ń mọ ní ìpele-ìpele, tí ìpele kan ní láti gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ooru ọ̀sán fi ń pẹ́ kí ó tó dé inú yàrá. Ẹ̀kẹta ni àjà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, wọ́n a to igi líle lé orí ògiri, wọ́n a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Bí iná bá mú òrùlé, àjà amọ̀ a máa dáàbò bo ẹrù tí ó wà nísàlẹ̀. Bí oòrùn bá ń ràn, àjà kan náà a gba ooru dúró.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pọ́n ayé àtijọ́ kọjá bí ó ti rí. Koríko a máa jẹrà, a ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀, iná sì ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun Dàhòmẹ̀ ṣẹ́gun Kétu ní ọdún 1886, wọ́n sun ìlú náà. Àwọn tí ó padà wá tún un tẹ̀ dó lẹ́yìn tí Faransé ti borí Dàhòmẹ̀ ní láti tún ilé mọ láti ìpìlẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí irú iná bẹ́ẹ̀ kò ní kọ òrùlé tí kì í jó.

Òrùlé náà ni páànù, tí Faransé ń pè ní tôle. Ní ọdún 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ẹ̀tọ́ lórí irin oníwérewère ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1837, Stanislas Sorel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a ń gbà fi síńkì bo irin kí ó má bàa dípẹtà. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé etíkun wa, ó sì di àmì ọlá. Kì í jó, kì í jẹrà bíi koríko. Àmọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bí oòrùn ọ̀sán bá pa á, gbígbóná rẹ̀ lè kọjá 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru náà a sì máa rọ̀ sílẹ̀ tààrà sórí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà wá láti Bàhíà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ́ wa ní ọgbọ́n tí a fi lè bá irú òrùlé bẹ́ẹ̀ gbé. Ẹ wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn àtijọ́ ní Àjàṣẹ́: ògiri amọ̀ tí ó nípọn, yàrá tí ó ga, fèrèsé onípákó tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tí oòrùn kò sì ní wọlé, àti àjà pákó lókè. Òrùlé yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbà tí bíríkì sìmẹ́ńtì gbòde ni a lé ẹ̀ṣọ́ lọ. Ògiri di tẹ́ẹ́rẹ́, etí òrùlé kúrú, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì fi àjà sí i mọ́ nítorí owó. A wá ń fi iná mànàmáná san gbèsè náà. Ní ọdún 1968, Dàhòmẹ̀ àti Tógò dá ilé iṣẹ́ iná kan sílẹ̀ ní àjùmọ̀ní. Láti 1972 ni iná Akosombo ti ń wá láti Gánà. Nígbà tí omi ìdídò náà fà ní 1998, iná ṣókùnkùn ní Lomé àti ní Kùtọnu, ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́, ooru sì kù fún onílé.

Àwọn tí ń gbé ní ilẹ̀ òtútù ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní 1973, ilẹ̀ Faransé ṣe òfin ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e pé ilé tuntun gbọ́dọ̀ ní ohun tí kì í jẹ́ kí ooru sá jáde. Wọn kò fẹ́ kí ooru jáde; àwa kò fẹ́ kí ó wọlé. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ṣùgbọ́n kí a mọ irú ilé tí a ń kọ́. Ilé tí afẹ́fẹ́ ń tù gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, kí atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá. Yàrá tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ tù gbọ́dọ̀ dí pinpin: lábẹ́ ilẹ̀kùn, létí fèrèsé, níbi tí ògiri ti pàdé òrùlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ooru. Ẹni tí ó tan ẹ̀rọ sínú yàrá tí ihò rẹ̀ pọ̀, owó ni ó ń tú sí ìta.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń kọ́lé tó ra ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ wá àjà: pákó ni o, ẹní ni o, ọparun ni o, kí àyè sì wà láàárín rẹ̀ àti páànù kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Kí etí òrùlé gùn. Kí igi wà níhà ìwọ̀-oòrùn ilé. Àwọn baba wa kò ní iná mànàmáná, síbẹ̀ wọ́n sùn. Nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gbé àwòrán òrùlé wá, ìbéèrè kan péré ni kí a bi í: níbo ni àjà wà?